Ìgbálẹ̀ Tí Mo Fi Gbá Ègbè Dànù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn ti ka díẹ̀ nínú àwọn àròkọ mi, pé àwọn ń wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ka ìtàn Yorùbá fún àwọn ọmọdé lórí ẹ̀rọ ayélujára, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀. Ìwé náà dára. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ọ̀wọ̀, ó sì mọ ibi tó yẹ kí àmì ohùn wà, èyí tí kò wọ́pọ̀ mọ́ láàárín àwọn tó ń pariwo pé àwọn fẹ́ràn èdè wa. Mo ti fẹ́ dáhùn pé ó yá, àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sórí ìlànà kẹta nínú àwọn ìlànà tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀: "Ẹ rí i dájú pé ibi tí ẹ ó ti máa kàwé pa rọ́rọ́, kí ariwo ilé àti ti àwọn ọmọdé má baà dí ìtàn lọ́wọ́." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo lọ bu omi mu. Kí ariwo àwọn ọmọdé má baà dí ìtàn àwọn ọmọdé lọ́wọ́! Ta ló kọ gbólóhùn yìí tán tí ẹ̀rín kò pa á, tí ẹkún kò sì gbọ̀n ọ́n? N kò tíì dá wọn lóhùn. Ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí ni mo ní láti kọ́kọ́ sọ, nítorí pé mo ti gbé inú ilé kan rí tí a ti pa ìlànà kẹta yẹn mọ́ fínnífínní. Èmi gan-an ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Ọdún tí wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa nítorí àìsàn tó gba ayé kan ni mò ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ilé Màmá, ìyá bàbá mi, ní Ayégbajú-Èkìtì ni a ń gbé, àwa mẹ́rin: Màmá, ìyá mi, èmi, àti Ṣèyí àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá mi ti kú kí Ṣèyí tó mọ̀ ọ́n rìn. Màmá ti ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kiri láti Ìyè dé Ọ̀rìn kó tó fẹ̀yìn tì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba ọlọ́mọ tí irun wọn ti ń funfun ṣì máa ń nà ró tó bá ń kọjá lọ, bí ẹni pé ó fẹ́ bi wọ́n ní ìsọdipúpọ̀. Bí mo bá ń wí "ó" fún un nínú ìwé yìí, kì í ṣe àìmọ̀wọ̀fún. Òun ló kọ̀ kí a máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ òun; ẹnì kan ṣoṣo ni òun, ló máa ń wí, òun kì í ṣe àgbájọ.

Ìró la fi ń mọ àkókò ní agboolé wa. Ìpè àsúbáà láti mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀ ló ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ, nítorí pé ọ̀lẹ ni àkùkọ wa. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ ìyá mi á máa fọhùn lórí erùpẹ̀, wìì, wìì, tí a ó sì mọ̀ láti inú bó ṣe ń gbá a bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn. Bí oòrùn bá ga, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbáàgúdá lẹ́yìn ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó tóbi jù lọ nínú ilé náà ni ti odó. Ní ilé wa, tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí a kò gún iyán, a kò tíì jẹun, a kàn panu ni. Èmi àti ìyá mi la máa ń gún un, tirẹ̀ wọlé, tèmi jáde, Màmá á sì máa bá wa sọ̀rọ̀ láti ìta pé, "Uyán yẹn ṣì ní kókó o, mo gbọ́ ọ lẹ́nu odó." Kò purọ́ rí. Obìnrin náà ń fi etí mọ kókó nínú iyán! Àwọn ọmọ àdúgbò náà ń gbọ́ odó yìí, wọ́n sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀: bí odó bá dákẹ́, oúnjẹ kù díẹ̀ kó tán, bí oúnjẹ bá tán, àlọ́ dé. Ràlíà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ilé ìyá rẹ̀ kọjú sí tiwa, á kó àwọn àbúrò rẹ̀ méjì dání. Àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ á dé. A máa ń tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ṣèyí kì í ní sùúrù. Màmá kò ní tíì pe "Ààlọ́ o" tán tí ọmọ náà á ti han "Ààlọ̀!" mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi ná!"

"Ó ti jáde, Màmá. Mo rí i."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, Màmá á sì tún un pè látìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ní ìlànà kan tí kò yẹ̀ rí: kò ní gbé ẹsẹ̀ kan nínú ìtàn bí wọn kò bá dá a lóhùn. "Àlọ́ kò lẹ́sẹ̀," ló máa ń wí. "Ègbè ló ń gbé e rìn." Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn tó ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ ara mi. N kò mọ̀ pé òfin ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Àǹtí Fọlá, ọmọ Màmá tó ń gbé ní Ìbàdàn, ló pè ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo gbé ohùn fóònù sí gbangba kí Màmá lè gbọ́ dáadáa. Àǹtí ní ẹgbẹ́ kan wà ní Èkó tó ń wá àwọn àgbà tí yóò máa ka ìtàn fún àwọn ọmọdé tó há mọ́lé, pé òun ti fi orúkọ Màmá sílẹ̀.

"Kí ẹ máa kàwé lásán ni, Màmá. Àwọn ọmọ á máa gbọ́ yín."

"Ibo ni wọ́n á jókòó sí?"

"Ilé wọn. Inú fóònù ni ẹ ó ti máa rí wọn."

"Inú èyí? Èyí tí n kò tíì rí ojú ara mi dáadáa nínú rẹ̀?"

"Màmá, àwọn ọmọ mi méjèèjì á wà níbẹ̀. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Wálé ní Kánádà náà á wà níbẹ̀."

Màmá fa Bíbélì rẹ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Àǹtí Fọlá wá sílé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kí Màmá ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sá sẹ́yìn ìyá wọn. Ti Kánádà, ọmọ ọmọkùnrin rẹ̀, kò tíì fojú kàn án rí. Fọ́tò rẹ̀ kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ká, ló wà nínú Bíbélì rẹ̀. Màmá kò bẹ̀rù ikú, ó ti rí ìsìnkú tó pọ̀ jù fún ìyẹn. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kí òun kú kí àwọn ọmọ ọmọ òun má sì mọ ohùn òun yàtọ̀ sí ti ìyá arúgbó mìíràn lójú ọ̀nà.

"Wọ́n á dá mi lóhùn?" ló bi Àǹtí.

"Wọ́n á dá yín lóhùn, Màmá."

"Ó yá bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbe àlọ́ mi, ó ti mọ̀ mí."

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà yẹn, a kì í sì í pàlọ́ lójú oòrùn. Ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀. Àǹtí ní kíkà ni Màmá ń kà á láti inú ìwé, kò pa á. Màmá ní etí ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀. Ìjà náà kò pẹ́, nítorí pé Màmá rí ọgbọ́n dá sí i: ó ní kí a ti gbogbo fèrèsé pálọ̀, kí a fi ògbólógbòó ìró rẹ̀ méjì ta wọ́n, kí òkùnkùn lè wà. Ibì kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀kì sì ti ń dúró nínú pálọ̀ náà ni àárín kọ́bọ́ọ̀dù àti fèrèsé, ibi tí tábìlì kankan kò lè gbà. Ìyá mi ló gbé odó wọlé, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbé fóònù lé ìdí rẹ̀, ó fi ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì tì í lẹ́yìn kó má ṣubú. Báyìí ni odó ilé wa ṣe di ibùjókòó fóònù. Nígbà tí mo bá ronú padà sí ọdún náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rí nìyẹn: odó tó dojú bolẹ̀ nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa lójú ọ̀sán.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ojú àwọn ọmọdé kún inú fóònù bí hóró àgbàdo lára ṣúkù. Arábìnrin kan tó jẹ́ alábòójútó, olóhùn jẹ́jẹ́, kí i káàbọ̀. Màmá ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó sì pè é bó ṣe ń pè é láti ìgbà ayé rẹ̀: "Ààlọ́ o!"

Kò sí ẹni tó fọhùn. A rí ẹnu kan tàbí méjì tó ń ṣí tó ń pa dé, bíi ti ẹja. Màmá tún un pè. Alábòójútó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa bọ̀, Màmá. A ti pa ohùn wọn ni, kí ariwo má baà pọ̀."

"Ẹ pa ohùn wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ń gbọ́ yín dáadáa. Ẹ máa kà á lọ."

Màmá wo ojú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ni, mo mọ̀ pé ó ń wá ẹni tí yóò dáhùn nínú wọn. Ìgbà náà ni ègbè dé, kì í ṣe láti inú fóònù. Láti ẹ̀yìn fèrèsé tí a tì ló ti wá, ohùn mẹ́wàá pa pọ̀, ti Ṣèyí ló ga jù: "Ààlọ̀ọ̀ọ̀!" Wọ́n ti ń dúró níta látìgbà tí a ti gbé odó wọlé. Ojú Màmá tàn. Ó ka ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ orin, wọ́n gbè é, ìtàn náà sì rìn, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo lè fi búra pé kò sí ilé tó láyọ̀ tó tiwa ní gbogbo àríwá Èkìtì. Lẹ́yìn náà ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn tún dé: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ariwo kan ń wọlé láti ẹ̀yìn yín. Ẹ bá wa ní kí àwọn ọmọ ìta yẹn dákẹ́."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìpàdé tí Àǹtí Fọlá fi pè mí. "Mojí, ìwọ lo lójú níbẹ̀. Àwọn òbí gidi ló ń wò wá o. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ ìta yẹn dójú tì wá." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, kò sì sẹ́ni tó ti fún mi ní ipò kankan rí. Mo gba iṣẹ́ náà bí ẹni gba oyè. Mo mú ìgbálẹ̀ ìyá mi, mo sì dúró sí ìdí fèrèsé ní ọjọ́ Ẹtì.

"Má fi ìgbálẹ̀ na ọmọkùnrin o," ni ìyá mi kìlọ̀ fún mi, nítorí pé èèwọ̀ ni. N kò na ẹnikẹ́ni. Mo ṣe ohun tó burú ju nínà lọ: mo ń gbá wọn. Mo ń gbá ilẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ wọn, eruku ń sọ, wọ́n ń fà sẹ́yìn, mo ń tẹ̀ lé wọn, bí a ṣe ń gbá pàǹtí lọ sí ààtàn. Ràlíà dúró kẹ́yìn.

"Ẹ wo ọlọ́pàá àlọ́!" ló wí. "Ṣé wọ́n ti rán yúnífọ́ọ̀mù rẹ láti Èkó?"

"Ẹ kúrò níbí. Màmá ń ṣiṣẹ́."

"Màmá wa náà ni."

"Kì í ṣe Màmá yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ti àwọn tó wà nínú fóònù ni."

Ràlíà ronú sí i díẹ̀. Ọmọ náà kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Ṣé àwọn yẹn mọ ègbè?" Mo gbá ilẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Lílé nìkan kò tó, nítorí pé ọmọdé dà bí ewúrẹ́, bí a bá lé e níwájú yóò gba ẹ̀yìn wọlé. Mo bá ṣe òfin. Ní ọjọ́ ìwé kíkà, kò sí ayò, kò sí bojúbojú, kò sí pípe adìyẹ. Kò kúkú sí gígún iyán, odó wà lábẹ́ fóònù, ẹ̀bà la máa ń jẹ. Mo sì tún ṣe ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní yìí. Mo kọ́ wọn. Ní àwọn ọ̀sán tí Màmá bá ń sùn, mo máa ń kó wọn jọ sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, mo bu ẹ̀pà yíyan sínú abọ́, mo sì máa ń fi ohùn Màmá pè é pé, "Ààlọ́ o!" Ẹni tó bá dáhùn, kò rí nǹkan jẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tó fi ìka kan ètè, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan. Àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan. Ràlíà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀pà. Ó ní ẹ̀pà mi korò. Ṣèyí ló le jù. Ègbè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Bí mo bá ti pe "Ààlọ́," á ti bú jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí ẹ̀pà rẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ yọ síta nítorí ipá, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbé e sókè. Mo fún un ní ẹ̀kúnwọ́ méjì.

Nínú ilé, Màmá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí pé ó ní ìrètí pé ọjọ́ kan ni wọ́n á ṣí ohùn àwọn ọmọ náà, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ègbè. Á pe "Ààlọ́ o," á sì dúró, mímí mẹ́ta, mo kà á. Á kọ orin, á sì dúró níbi tó yẹ kí wọ́n ti gbè é. Láti ibi tí mo ti ń ṣọ́ fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dúró. Ó ṣòro láti ṣàlàyé bí ìdúró ṣe ń dún létí. Ojú tó wà nínú fóònù sì ń dín kù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Òbí kan fi ẹ̀sùn sùn pé Màmá ń pe ilé ní "ulé," pé èdè oko ni yóò ba ti ọmọ òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ní èyíkéyìí tí a lè bà jẹ́. Ní ti àwọn ọmọ Àǹtí Fọlá, orúkọ wọn máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, lórí àwòrán dúdú kan. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo wọlé wá wo Màmá, tí nǹkan kan sì ṣèèṣì ṣí ojú fóònù wọn. Mo rí àga tó ṣófo. Mo rí fáànù tó ń yí. Mo rí ẹsẹ̀ Àǹtí tó ń kọjá lọ sí kíṣíìnì. Ó ti tan fóònù sílẹ̀ kí orúkọ lè wà, àwọn ọmọ wà níbi tí wọ́n wà.

"Àwọn ọmọ Fọlá dà, Mojí?" ni Màmá bi mí lọ́jọ́ náà; ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Wọ́n wà níbẹ̀, Màmá. Wọ́n ń jó sí orin yín."

Ó juwọ́ sí àga òfìfo náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ lè ní ìwúwo, pé èèyàn lè gbé e gun òkè kó sì rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣí ohùn, ní ọjọ́ tí ó parí, kí àwọn tó kù lè dúpẹ́. Wọn kò ju mẹ́rin lọ. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Wálé wà nínú wọn, ọmọbìnrin arẹwà tó ní imú Màmá gẹ́lẹ́. Màmá sún mọ́ odó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iwájú orí kan fóònù. "Ààlọ́ o!" ló wí, jẹ́jẹ́, fún òun nìkan. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó ti parí. Màmá ló kọ́ ìdajì ìlú yìí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́ ọ yéké. "Ìbéèrè tó dára ni," ló wí, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi sábẹ́ ahọ́n. N kò bínú sí fóònù. Irin lásán ni, ó gbé ohun tí a fún un gbé. Àwa ni mo bínú sí. A ní ọmọ mẹ́wàá ní ẹ̀yìn fèrèsé tí ègbè kún ẹnu wọn, a sì pè wọ́n ní ariwo. A ní àga òfìfo nínú fóònù, a sì pè é ní ọmọ. Ìgbà gbogbo là ń ṣe é. Èyí tó jìnnà, tó wọ bàtà, tó ń gbé ní Èkó tàbí ní òkè òkun, òun ni a ń tọ́jú èdè dè, bí ẹni tó se oúnjẹ de àlejò tí kò ní í bọ̀, tó sì ń fi ọmọ orogún tí ebi ń pa lé adìyẹ nídìí ìkòkò náà. Kò sí òyìnbó nínú yàrá yẹn. Kò sí ìjọba. Àwa nìkan ni, pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ lónìí pé èdè wa ń kú máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó dùbúlẹ̀ àìsàn fúnra rẹ̀. Mo mọ ọ̀kan lára àwọn tó dí i lẹ́nu. Mo ń rí i nínú dígí.

Wọ́n ṣí ilé ìwé. Ìyá mi gbé odó jáde, ó fọ̀ ọ́, a sì ń gún iyán padà. Ṣùgbọ́n Màmá kò padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá jẹun tán, á ní ohùn òun ti rẹ̀ òun, á sì wọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò náà kò béèrè. Àwọn náà ti rí nǹkan mìíràn ṣe. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Màmá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbọ́ràn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Àǹtí Fọlá wá láti Ìbàdàn, ó sunkún, ó padà. Nígbà tí a gbé Màmá dé, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju ogún lọ, wọ́n sì ń jáde ní ìdajì ìdajì. Kí iṣu tuntun tó wọ̀lú, a ti sin ín. Láàárín ọjọ́ tó ti Ìdó dé àti ọjọ́ tí a sin ín, ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mo ní láti sọ.

A gún iyán nírọ̀lẹ́ náà. Ìyá mi ti lọ dá àwo padà fún ìyá Ràlíà. A gbé àga Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Àwọn ọmọ ń ṣeré ní àárín agboolé, gbogbo wọn, wọ́n ń lé ara wọn kiri ìdí igi ọsàn, ariwo wọn gba gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Màmá ń wò wọ́n. Mo rí i tó ń gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀. Mo rí i tó ń kó ètè rẹ̀ jọ bí ẹni tó ń ṣa owó ẹyọ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pè é. Ó gba àkókò gígùn, ó wọ́, ó ṣẹ́ láàárín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣì í mọ̀ fún nǹkan mìíràn.

"Ààlọ́ . . . o."

Gbogbo agboolé dákẹ́ lójijì. Àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ dúró sójú kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Ìka kan, ìka méjì, ìka mẹ́fà, gbogbo wọn lọ sí ètè. Ràlíà nìkan kò gbé ìka sókè; ó fa àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó sì rọra kó wọn lọ sílé, lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Màmá dúró, mímí kan, mímí méjì, mímí mẹ́ta, bó ṣe kọ́ ọ nínú yàrá tí a tì. Mo ya ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méjì mọ̀, ṣùgbọ́n kò jáde. Màmá tún un pè, kò tó ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èémí lásán. Kò pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan, ó tún un tò bí ẹni tó ń tún aṣọ tò, ó sì yíjú sí ara ògiri.

Ṣèyí ti dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀ nítorí pé kò ṣì í ṣe, kódà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dá a lójú pé ó ti parí, ó gun àtẹ̀gùn wá bá mi, ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi.

"Àǹtí Mojí," ló rọra wí, kí Màmá má baà gbọ́, "ẹ̀pà mi dà?"